Májèlé Tí A Fẹ̀sọ̀ Mú: Ìtàn Abẹ́rẹ́ Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀jọ́

Òdòdó kékeré kan wà tó wọ́pọ̀ lójúde ilé ní Èkó. Ewé márùn-ún ni òdòdó náà ń yọ. Òmíràn funfun, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ń rìn lọ ní àdúgbò Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò lè kọjá lára rẹ̀ kó má tilẹ̀ wò ó, nítorí kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí a ń sè, kì í sì í ṣe igi eléso. Erékùṣù Madagásíkà ló ti ṣẹ̀ wá. Láti inú ewé rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti fa oògùn kan jáde tí wọ́n sọ ní vincristine, oògùn tó ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé lọ́wọ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n bí oògùn yìí kan náà bá gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ara, ẹni tó yẹ kó wò sàn ni yóò pa. Agbára káká ni ènìyàn fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìtàn abẹ́rẹ́ tí a fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Májèlé ni púpọ̀ nínú wọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe agbára wọn ló sọ wọ́n di oògùn; ìwọ̀n ni, ètò ni, àti ọwọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe. Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò gidigidi. Wákàtí díẹ̀ ni aláìsàn ń lò ní ibi tí wọ́n ti ń fún un ní abẹ́rẹ́. Ilé ló ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó kù, ilé náà sì jìnnà sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá mọ bí májèlé náà ṣe di oògùn ni yóò tètè mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ láàárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Láti ojú ogun

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara ti ń jáde, àti sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí ara bá gé. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìníjàánu, tó sì gba ààyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, lukimíà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ inú àwọn kókó ọrùn, ti abíyá tàbí ti inú ikùn ló ti ń gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lìǹfómà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ kò lè gé lukimíà kúrò, nítorí kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé. Oògùn tó bá fẹ́ lé e bá gbọ́dọ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ibi gbogbo. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ fi di ohun ìjà pàtàkì.

Ojú ogun ni èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn ti wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun lo gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní mustard láti fi pa ara wọn. Àwọn dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí gáàsì náà bà wò rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun wọn ti dín kù púpọ̀. Ní 1942, Louis Goodman àti Alfred Gilman ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ro ọ̀rọ̀ náà síwájú: bí májèlé yìí bá ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tó dára, kò lè ṣàìpa èyí tó ti di jẹjẹrẹ. Wọ́n mú ọmọ ìyá gáàsì náà, wọ́n wọn ún níwọ̀nba, wọ́n sì fún ọkùnrin kan tí lìǹfómà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àwọn kókó náà yọ́. Ẹnu ya gbogbo ẹni tó rí i. Ṣùgbọ́n àrùn náà padà wá, ọkùnrin náà kò sì rí òpin ọdún náà. Nítorí pé ogun ń lọ lọ́wọ́, wọ́n fi ohun tí wọ́n rí pa mọ́ títí di 1946.

Kí ó tó hàn síta, ogun fúnra rẹ̀ tún jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1943, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí èbúté ìlú Bari ní Ítálì. Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀ tó kó gáàsì mustard pamọ́ sínú, ó sì fọ́. Nígbà tí dókítà ológun Stewart Alexander yẹ àwọn tó lùgbàdì rẹ̀ wò, sẹ́ẹ̀lì funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1948, Sidney Farber ní ìlú Boston kéde pé òun ti lo oògùn mìíràn, aminopterin, fún àwọn ọmọdé 16 tó ní lukimíà, ara mẹ́wàá nínú wọn sì yá. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ tó bá ní lukimíà kì í pẹ́ kú. Ti Farber náà kò wò wọ́n tán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àrùn náà tún yọjú. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí kọ́ ni pé oògùn kan ṣoṣo kò tó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó. A óò máa pa oògùn pọ̀ mọ́ oògùn, a óò fún aláìsàn, a óò jẹ́ kí ara sinmi kí ẹ̀jẹ̀ padà bọ̀ sípò, a óò sì tún fún un. Láti ìgbà náà ni kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kí a tó fúnni ní abẹ́rẹ́ ti di òfin.

Ewé láti Jàmáíkà

Òdòdó Madagásíkà wọ inú ìtàn náà láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní Jàmáíkà a máa sè ewé rẹ̀ mu nítorí àtọ̀gbẹ. Ní 1952, wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Robert Noble, pé kí ó wò ó bóyá òtítọ́ ni. Noble fún àwọn eku ní omi ewé náà lábẹ́rẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, kòkòrò àrùn tí ara eku tó le máa ń ṣẹ́gun ló pa wọ́n, nítorí sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbèjà wọn ti lọ sílẹ̀. Òun àti Charles Beer fa vinblastine jáde láti inú ewé náà ní 1958. Ilé iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà tún rí èkejì rẹ̀, vincristine, nínú ewé kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1963.

Ọ̀rọ̀ àwọn eku Noble ṣe pàtàkì ju bó ṣe dà lọ. Ohun tó fi agbára oògùn náà hàn ni ohun tó pa wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó lọ sílẹ̀ ni àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ni ilẹ̀kùn tí ikú lè gbà wọlé. Bí ó ti rí lára àwọn ọmọ ogun ni ó rí lára eku, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí lára ẹnikẹ́ni tó bá gba púpọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ yìí ní Ọ̀jọ́ lónìí.

Ohun tí Ìbàdàn ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkè òkun nìkan ni ìmọ̀ nípa abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà, àti ìlú Ìbàdàn gan-an, wà lára ibi tí ayé ti kọ́ pé oògùn lásán lè wo jẹjẹrẹ kan sàn.

Ní 1957, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Áyálàǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, rí ọmọ kékeré kan tí párì rẹ̀ wú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láìpẹ́ ó rí òmíràn. Ó kọ nípa wọn ní 1958. Ní 1961 òun àti àwọn dókítà méjì wa ọkọ̀ fún nǹkan bí 16,000 kìlómítà la Áfíríkà kọjá, wọ́n ń bèèrè ìwú náà láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀ ló ti wọ́pọ̀, ibi kan náà tí ẹ̀fọn ti ń fi ibà jẹ àwọn ọmọdé níyà. Ní 1964, Anthony Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú sẹ́ẹ̀lì àrùn náà. Lìǹfómà ni ìwú náà, orúkọ Burkitt ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń mú ènìyàn, bóyá ni a fi rí èyí tó ń dàgbà yára tó o: láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè di ìlọ́po méjì.

Nàìjíríà wà láàárín ilẹ̀ tí àrùn náà ti wọ́pọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957. Ní 1960, wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè máa ka iye ẹni tó ń ní in láàárín ìlú. Ìwé náà fi hàn pé lìǹfómà Burkitt ló pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni oníṣẹ́ abẹ kan gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Victor Anomah Ngu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí wọ́n bí ní 1926. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní 1948, kí ó tó lọ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìbàdàn ló sì padà sí láti wá ṣiṣẹ́.

Ọ̀bẹ ni ohun èlò Ngu, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀bẹ kò lè mú ìwú yìí. Ó yíjú sí cyclophosphamide, abẹ́rẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣe ní àwọn ọdún tó ṣáájú 1960. Ìran gáàsì mustard ni oògùn náà, tí wọ́n ti tún ṣe kí ara lè gbà á. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà, ìwú tó ti bo ojú bẹ̀rẹ̀ sí í fà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 1965 Ngu tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa àwọn ọmọ tó ti lò ju ọdún méjì lọ láyé lẹ́yìn ìtọ́jú. Lára àrùn tó ń di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan, ọdún méjì kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ti pé bẹ́ẹ̀ láìtún rí i, ìrètí wà pé ó ti bọ́. Ní 1972, wọ́n fi ẹ̀bùn Lasker, ọ̀kan lára ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, dá Ngu lọ́lá pẹ̀lú Burkitt àti àwọn oníṣègùn mìíràn tó fi hàn pé oògùn lè wo jẹjẹrẹ sàn. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe é, Ngu ti padà sí Kamẹrúùnù, níbi tó ti wá di mínísítà ètò ìlera nígbà tó yá. Ó kú ní 2011.

Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú nígbà náà kọ́ àwọn oníṣègùn ní ẹ̀sọ̀ tí ìwé kan kò kọ́ wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwú Burkitt máa ń yára kú débi pé òkú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè dí kíndìnrín. Àrùn ń lọ, ọmọ náà sì ń kú pẹ̀lú. Nítorí náà, omi gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́. Wọn a fi dírípù sí ọmọ lára, wọn a sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Èkejì, bí cyclophosphamide bá pẹ́ nínú àpò ìtọ̀, ó ń bó o títí yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún aláìsàn pé kí ó mu omi dáadáa bí dókítà bá ti wí, kí ó sì máa tọ̀ léraléra, tọ̀sán tòru.

Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpapọ̀ oògùn tí a fi ń wo lukimíà àwọn ọmọdé dára débi pé, ní àwọn ilẹ̀ olówó, púpọ̀ jù nínú wọn ló ń yè. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ náà bí ewu tuntun. Methotrexate ni a máa ń fi sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn láti lé jẹjẹrẹ jáde nínú ọpọlọ. Vincristine, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ti ń fi í. Aláìsàn kan náà lè gba méjèèjì láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Bí ọwọ́ bá ṣe àṣìṣe tí vincristine wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò máa jó iṣan ìmọ̀lára lọ sókè títí dé ọpọlọ.

Èyí ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 2001 ní ìlú Nottingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan wà tí ara rẹ̀ ti ń yá, tí ìtọ́jú lukimíà rẹ̀ ti ń lọ sópin. Wọ́n kó vincristine àti oògùn mìíràn wá papọ̀, wọ́n sì fi vincristine sí ibi tó yẹ kí èkejì lọ. Nǹkan bí oṣù kan ló fi kú. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí, wọn kò rí òṣìkà kankan. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn àṣìṣe kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn: abẹ́rẹ́ méjì tó jọ ara wọn, oògùn méjì nínú àpò kan, dókítà tuntun tí kò mọ̀, àti èyí tó rò pé ẹlòmíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láyé, kì í sì í ṣe ìgbẹ̀yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n dẹ́kun àti máa fi sírínjì fún ènìyàn ní vincristine. Kí wọ́n po ó mọ́ omi inú àpò dírípù kékeré, nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì gbé àpò dírípù kọ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn. Ìmọ̀ràn kékeré ni, kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni a fi rà á.

Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ pàápàá, ó ní ẹ̀sọ̀. Bí vincristine bá jò jáde síbi tí abẹ́rẹ́ gún, yóò jó ẹran ara ibẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn tó bá ní ìta tàbí ìgbóná níbi tí oògùn ti ń wọlé kò gbọ́dọ̀ fara dà á nítorí ìtìjú tàbí nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún nọ́ọ̀sì. Kí ó sọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ ẹja àti oko ti ń bọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n là ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1970 ló ṣí wọn sílẹ̀ fún ayé. Ọjà Alábà wá síbẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti rédíò rẹ̀, ìjọba Jákáńdè kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Òkòkòmáíkò kún fún akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti ayálégbé. Ilé pọ̀, ọjà pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n iléèwé ìṣègùn yunifásítì náà, Ìkẹjà ló wà, kì í ṣe Ọ̀jọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun kan ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, tí àjọ tó ń bójú tó owó ìdókòwò ìjọba àpapọ̀ ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé lórí. Ìrètí gidi ni fún gbogbo Èkó. Síbẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti Òkòkòmáíkò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá dé Mile 2, kí ó tún tó la ìlú wọ Ìdí-Àràbà. Reluwé aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ṣètò pé kí ó ti Marina dé Òkòkòmáíkò. Mile 2 ni ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ dúró sí. Ìdajì ọ̀nà tó kù ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ibà ni ìdí. Láàárín ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn púpọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ yìí ni sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ní àkókò náà, bí ara aláìsàn bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí ohun ìwọ̀n ìgbóná ara, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn ni a óò kọ́kọ́ rò. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọmọ ogun mọ́, bó ṣe wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku Noble, ó sì lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò náà gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí kan tí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀jọ́, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ibà túmọ̀ sí kẹ́míìsì. Wọn a ra oògùn ibà, wọn a fi parasitamọ́ọ̀lù sí i. Parasitamọ́ọ̀lù yóò bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀, ojú gbogbo ilé yóò wálẹ̀, àrùn náà yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn. Bí oníkẹ́míìsì bá tún gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ sí ìdí, ewu di méjì, nítorí àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá lè ti lọ sílẹ̀ pẹ̀lú, ibi tí abẹ́rẹ́ gún sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ẹran.

Nítorí náà, ìdílé tó bá gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ lónìí gbọ́dọ̀ mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n máa sáré lọ ní òru kí òru náà tó dé, kí nọ́ńbà fóònù ibùdó ìtọ́jú wọn sì wà lára ògiri. Ìwé tó sọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, kí dókítà tí kò mọ̀ wọ́n rí lè mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ọ̀nà Mile 2 bá dí, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Igándò, tí ẹni tó wà ní Ìbà lè gba ọ̀nà yunifásítì lọ, lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí wọ́n tó gbé e síwájú.

Ibi tí oògùn ń sùn náà ṣe kókó. Vincristine fẹ́ inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Nígbà púpọ̀, ìdílé ni wọ́n ń fún ní ìwé kí wọ́n lọ ra oògùn fúnra wọn. Bí wọ́n bá rà á lọ́sàn-án, tí wọ́n gbé e sínú ọ̀rá la oòrùn kọjá, tí kò sì sí iná lálẹ́, ohun tí wọ́n máa gbé dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lè má jẹ́ ohun tí wọ́n sanwó fún mọ́. Ọ̀dọ̀ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ, tó ní fíríìjì tí iná kì í kú mọ́, ni ó yẹ kí a ti rà á. Èyí tó dára jù ni kí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ pa á mọ́. Oògùn tó pọ̀ yànturu lówó pọ́ọ́kú ní ìgboro kò yẹ kó wu ẹnikẹ́ni, nítorí aláìsàn tó gba omi lásán dípò abẹ́rẹ́ kò lè mọ̀ títí àrùn yóò fi padà wá.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé náà wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Òkòkòmáíkò, yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé púpọ̀ sì ń lo ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo. Fún nǹkan bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oògùn náà ṣì wà nínú ìtọ̀ àti èébì aláìsàn. Ẹni tó bá máa fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó da omi púpọ̀ sí i, kí aboyún má sì fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe nítorí pé jẹjẹrẹ ń ranni. Jẹjẹrẹ kì í ranni. Oògùn rẹ̀ ni kò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó yẹ kí a sọ èyí jáde, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn ni aládùúgbò ti sá fún lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti àgbo, ìbéèrè tí ó yẹ kí dókítà béèrè pẹ̀lú sùúrù ni, tí ó sì yẹ kí aláìsàn dáhùn láìbẹ̀rù. Ewé ni vincristine fúnra rẹ̀ ti wá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ewé kò ní agbára. Nítorí pé ó ní agbára gan-an ni a kò fi gbọ́dọ̀ da èyí tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé èyí tí a ti wọ̀n. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kan náà ni yóò ru ẹrù méjèèjì.

Ohun tó kù fún ìjọba àti ìlú

Ìdílé kò lè dá gbogbo ẹ̀sọ̀ yìí ṣe. Àwọn oníkẹ́míìsì Ọ̀jọ́ ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ wọn láti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tí ibà ń ṣe, pé ǹjẹ́ ó ti gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ láàárín oṣù yìí, ẹ̀mí yóò là. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ lè ní oògùn àkọ́kọ́ fún irú ibà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, àwọn àjọ kan ní Amẹ́ríkà àti àwọn ilé iṣẹ́ olóògùn fọwọ́ síwèé láti dín owó oògùn jẹjẹrẹ kù ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Owó tó dín kù dára, ṣùgbọ́n oògùn tó rọjú tí kò sí fíríìjì fún, tí kò sì sí ọ̀nà tí aláìsàn lè gbà padà lóru, ìdajì iṣẹ́ ni.

Bí ọmọ kan bá wú ní párì ní Ọ̀jọ́ lónìí, kí wọ́n má fi eyín lásán pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Ìbàdàn ti fi han ayé pé ìwú náà ṣeé wò. Ohun tí wọ́n lò nígbà náà kò ju abẹ́rẹ́, omi, ìwé àkọsílẹ̀ àti ojú tó ń ṣọ́nà lọ. Abẹ́rẹ́ wà ní Èkó báyìí. Omi, ìwé àti ojú tó ń ṣọ́nà ni kí ìjọba àti aládùúgbò rí i dájú pé wọ́n dé Òkòkòmáíkò pẹ̀lú rẹ̀.